Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Pèrègún Ààlà Wa

Bàbá mi, Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo yín ní Ìmàṣàyí láti Birmingham níbí. Òtútù ìlú yìí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ lọ́yà, gbogbo wa ló ń mú.

Ẹ̀gbọ́n pè mí lánàá. Wọ́n ní àwọn tó fẹ́ wa òkúta ti ń fẹ̀ wá sórí ilẹ̀ wa, àti pé lọ́jọ́ Sátidé àwọn yóò ro gbogbo ààlà kó mọ́ tónítóní kí awọnlẹ̀ tó dé. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá Ẹ̀gbọ́n dúró.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹnu mi yìí ni yóò bọ́ mi, nígbà tí mo bá ń jiyàn lórí ẹran inú ọbẹ̀. Ẹnu náà gbé mi dé ilé ẹjọ́ ní Ìlaròó. Ẹjọ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbà, ti màmá àgbàlagbà kan ní Ìmẹ̀kọ ni. Èmi ọ̀mọ̀wé ní kí wọ́n ro ààlà kí awọnlẹ̀ lè ríran. Wọ́n ro ó, wọ́n sì gé pèrègún tí baba ọkọ màmá náà gbìn láti fi pààlà. Nígbà tí adájọ́ dé oko, a ò rí nǹkan kan fi hàn án. Ilẹ̀ bọ́ mọ́ màmá lọ́wọ́. Màmá náà kò bú mi, wọ́n kàn sọ fún mi pé ẹlẹ́rìí àwọn ni mo gé. Mo sunkún nínú mọ́tò títí mo fi dé Ayétòrò.

Láti ọjọ́ náà, mi ò gba ẹjọ́ ilẹ̀ kankan láì kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà pẹ̀lú àgbà tó mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń borí fún ogún ọdún nìyẹn. Nígbà tí mo dé ibí, wọ́n ní kí n tún ìdánwò ṣe bí ọmọdé. Mo dá kàwé, mo dá jẹun, àárò yín sọ mí gan-an, ṣùgbọ́n mo yege. Lónìí, àwọn lọ́yà òyìnbó ń bi mí léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìwé ilẹ̀. Bí ìgbéraga bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún rẹ̀.

Mo ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Mò ń bọ̀ wá gba ẹjọ́ àwa àti àwọn tó fẹ́ wa òkúta rò ní Ìlaròó, a ó sì borí. Kí Sátidé tó pé, Bàbá, ẹ gbé àga yín lọ sí ìdí pèrègún tí bàbá yín gbìn, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá níbẹ̀.

Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ kí pèrègún náà pẹ̀lú, ẹ ní kó dúró, lọ́yà rẹ̀ ti wà lọ́nà.

Ọmọ yín,
Àṣàkẹ́