Irùngbọ̀n Tó Bo Ojú Gbogbo Wa

Ilé Kẹsàn-án, Àjà Òkè,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, aránṣọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í sinmi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nídìí maṣíìnì, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tiwa náà le. Ọ̀rọ̀ Bàbá mi gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé.

O mọ̀ wọ́n, dẹ́rẹ́bà tó máa ń bá èrò ọkọ̀ tàkúrọ̀sọ láti ibi tí wọ́n ti gbéra títí dé ibi tí wọ́n ń lọ. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ òsì nìkan ló sì ń gbọ́ tiwọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ká ṣí fèrèsé, omi ni Ìyá mi máa gbé wá. Inú á bí wọn, wọ́n á kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, wọn ò tilẹ̀ bèèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n ti ń dágbére fún wa díẹ̀díẹ̀.

Ni mo bá ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe fún ẹni ẹlẹ́ni, n ó ṣe é fún bàbá tó bí mi. Mo gbé fọ́tò ẹbí wa sójú kọ̀ǹpútà, mo fi bọ́tìnnì, ibi tí èèyàn lè tẹ̀, lé ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí Bàbá bá fọwọ́ kan ojú èèyàn, kọ̀ǹpútà á pe onítọ̀hún lórúkọ tí Bàbá fúnra wọn máa ń pè é. Mo ní kí bọ́tìnnì má ní àwọ̀ kankan. Àfi bí mo ṣe ṣí i tí àwọ̀ eérú bo gbogbo wa lójú. Bàbá wá ojú Ìyá mi tì, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ta ló fẹ́ bá eérú sọ̀rọ̀?

Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ rẹ ṣàlàyé. Bí o bá rán aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí o wá tẹ́ aṣọ aláwọ̀ eérú sí abẹ́ rẹ̀, aṣọ abẹ́ yẹn la ó máa rí. Bọ́tìnnì tí wọ́n ní kò láwọ̀, àwọ̀ pátákó aláwọ̀ eérú tí fọ́tò àti bọ́tìnnì jọ wà lórí rẹ̀ ló ń yá lò. Kì í wo fọ́tò rárá. Àfi kí n fọwọ́ ara mi kọ́ bọ́tìnnì bí yóò ṣe gé ìwọ̀n tirẹ̀ lára fọ́tò, kó fi kun ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Mo ṣe é tán, mo gbé e dé iwájú Bàbá tìgbéraga-tìgbéraga. Mo ti gbàgbé láti sọ ibi tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan dúró sí fún un. Igun òkè fọ́tò lápá òsì ni gbogbo wọn ti lọ gé tiwọn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n Bàbá dúró sí pẹ̀lú irùngbọ̀n wọn. Ìyá mi nírùngbọ̀n, èmi obìnrin nírùngbọ̀n, ọmọ ọwọ́ àbúrò mi náà ò gbẹ́yìn. Mo fẹ́ yára pa kọ̀ǹpútà, Bàbá di ọwọ́ mi mú. Èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé àìsàn ló tún dé, àṣé ẹ̀rín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà sunkún, mi ò tijú.

Mo tún un ṣe. Ojú ti mọ́ kedere báyìí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yí bọ́tìnnì ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí tèmi, Bàbá tún di ọwọ́ mi mú. Irùngbọ̀n mi ṣì wà níbẹ̀.

Lánàá, wọ́n tẹ ojú Ìyá mi. Kọ̀ǹpútà ké pe Adúmáadán. Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná.

"Kí lẹ fẹ́? Ṣé omi ni?"

Bàbá fi orí sọ pé rárá, wọ́n tún un tẹ̀.

"Ṣé ká ṣí fèrèsé ni?"

Bàbá tún mi orí, wọ́n wá fi ọwọ́ òsì rọra gbá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá mi jókòó.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti màmá rẹ, kí o gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Ǹ bá kọ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti ń pè mí láti pálọ̀. Ó dá mi lójú pé Bàbá ò fẹ́ nǹkan kan. Mo ti dìde.

Èmi ni tìrẹ,
Onírùngbọ̀n.