Nọ́ńbà Tí Kò Gbà Kí Wọ́n Pín Òun

Kábbà,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, 1954.

Dúrótìmí ọmọ mi,

Okun o. Okun ìwé, okun ìlú ńlá. Ìyá rẹ ń kí ọ. Oríkèé ń ro ó díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún rárá.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní láti oṣù kẹfà ni ìwọ àti ọ̀gá rẹ ní Ìbàdàn ti ń yẹ nọ́ńbà kan wò, tó gùn débi pé ẹyọ òǹkà mọ́kàndínlógójì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, tí kò sì sí ohun tó lè pín in kó má ṣẹ́kù, àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀. O káre. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn, ìwọ ń ṣọ́ ahun. O tún ní àwọn òyìnbó ti fi ẹ̀rọ wá èyí tó ju tiyín lọ rí. Kí lẹ wá ń dá èyí dúró fún? Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́runlékè, àgbà ilé wa, kú lóṣù tó kọjá, kò sì bímọ. Iṣu mẹ́tàdínláàádóje ló wà lọ́gbà rẹ̀, èmi àti àwọn àbúrò mi, Jethro àti James, la fẹ́ pín in. Méjìlélógójì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣẹ́kù. Jethro ní òun lòun gbẹ́ sàréè, òun lòun ni ín. James ní òun lòun ra ìṣó pósí. A ránṣẹ́ pe ìbátan wa ní Ìyàrá kí a lè di mẹ́rin, mẹ́ta ṣẹ́kù. A pe ti Ìffẹ́ mọ́ ọn, méjì ṣẹ́kù. Mo bá dìde, mo ní ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ìbátan nọ́ńbà Dúrótìmí nìyí, òyìnbó gan-an kò rí i pín. Jethro ní bí òyìnbó kò bá rí i pín, àdá òun á rí i pín. Ó fa àdá yọ, James gbá a lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì yí lulẹ̀ níwájú àlejò.

Ibẹ̀ ni Mojí, opó olóògbé, ti jáde láti ilé ìdáná. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú ẹyọ iṣu kan, ó bẹ ẹ́, ó sè é, ó sì gbé e síwájú wa. Ó ní òun àti ọkọ òun làwọn jọ kọ ebè iṣu náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi òun léèrè pé ibo lòun wà nínú ìpín náà. Dúrótìmí, ojú tì mí, mo sì dìde lọ ka ìyókù.

Àwọn ìbátan wa ní àwọn kò gba ìpín mọ́, mẹ́rìndínláàádóje tó kù sì dọ́gba fún àwa mẹ́ta wẹ́rẹ́. Mo ru ìdajì tèmi lọ sẹ́nu ọ̀nà Mojí lọ́jọ́ náà, James náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ni Jethro tó gbé tirẹ̀ wá, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Sọ fún ọ̀gá rẹ kó yọ oókan kúrò nínú tiyín wò, kẹ́ ẹ lè rí iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Iṣu mi ti wá kéré báyìí. Jọ̀ọ́, fi pọ́n-ùn kan ránṣẹ́, tàbí èyíkéyìí tí nọ́ńbà yẹn bá gbà kí o yọ.

Ọlọ́run á fún ọ láya rere, á sì fún ọ lójú tí wàá fi máa rí i bó bá jókòó sílé ìdáná.

Èmi bàbá rẹ,
Benjamin.