Orúkọ tí Mi Ò Pè Rí

Ọjọ́bọ, ìrọ̀lẹ́.



Láàárọ̀ yìí, ìyá ọkọ mi dákú nídìí agbada gaàrí. Alùpùpù la fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn ìlú Okpomèta. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ máa pe orúkọ wọn, kí wọ́n má bàa sùn lọ!”

Orúkọ kẹ̀? Èmi ìyàwó ilé? Láti ọdún mọ́kànlá, “Ìyá” nìkan lẹnu mi mọ̀. Àbíkẹ́yìn wọn pàápàá, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ọkọ mi sì wà lóko. Ojú Ìyá ti ń yí.

“Àìná!” Mo figbe ta. “Àìná o!”

Wọ́n lajú. “Ta nìyẹn?”

Ẹ̀rù tún bà mí. “Èmi ni, Ìyá. Ẹ má bínú.”

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Má dákẹ́.”