Àwọn Tó Ń Dáhùn Àmín ní Òkè-Ìrókò

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìdúró ti ilé. Mo kí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín. Mo kí Bàbá Ṣítù, aládùúgbò wa. Ganíyù àbúrò mi ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, ṣùgbọ́n mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn ọmọ Òkè-Ìrókò yòókù náà lè kà á, nítorí ilẹ̀kùn ilé bàbá tiwọn ti wà ní títì.

Ara mi le. Òtútù ibí kì í jẹ́ kí ọwọ́ ó rọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, nínú ilé kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá kan nínú wọn bi mí léèrè ibi tí abúlé wa wà. Mo ní bí èèyàn bá kúrò ní Òmù-Àrán, tó kọjá Òkè-Onígbìn, yóò bọ́ sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ ti yà, yóò gun ọ̀kadà sọdá odò, kó tó rí òrùlé wa lẹ́sẹ̀ òkè. Ó ní, èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀? Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ̀yin Lèmọ́mù wa bá ń ṣíwájú ìrun, èrò a kún mọ́ṣáláṣí dé abẹ́ igi ọsàn. Àwọn kan ti kú, àwọn kan wà ní Ìlọrin, ní Òrò, ní Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ ti di ibùsùn ewúrẹ́. Àwọn tó kù kò lè kún ẹní méjì.

Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn fi bà mí lẹ́rù. À ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ní àkókò Màgàríbà ti tó. Ẹ kò pa á, ẹ kàn sọ ọ́ sápò. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ pe ìrun. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ka Fátíhà. Bí ẹ ti kà á tán ni mo gbọ́ "Àmín." Kì í ṣe ohùn ẹnì kan, Bàbá. Ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni, ó rinlẹ̀, mo sì dá ti Bàbá Ràímì alágbẹ̀dẹ mọ̀ láàárín wọn, ẹni tí a ti sin kí n tó kúrò nílé.

Nígbà tí mo pè padà, mo bi yín pé àwọn wo ló wálé. Ẹ ní kò sí. Ẹ ní Bàbá Ṣítù pàápàá ń ṣàìsàn, ẹ̀yin nìkan lẹ kírun. Mo wá sọ ohun tí mo gbọ́. Ẹ rọra bi mí pé, "Ìwọ náà gbọ́ wọn?"

Láti ìgbà náà, inú ni mò ń ka Fátíhà sí tí mo bá ń kírun ní yàrá mi. N kò fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan yóò dáhùn.

Èmi ni mo rán Ganíyù kó wá fi mọ́tò gbé yín lọ sí Ìlọrin. Ó ní ẹ kò jiyàn. Ẹ di ẹrù, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wọ mọ́tò. Nígbà tí ẹ dé ojú ọ̀nà ọlọ́dà, ẹ ní kó dúró. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ bi í pé, "Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa ṣíwájú wọn kírun?" Ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ẹkún ló ń sun nígbà tó ń rò ó fún mi. Inú bí mi sí yín. Inú náà ti rọ̀ báyìí, ẹ̀rù ló kù.

Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́. A ń bọ̀ wá ṣe Iléyá. Àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì ni yóò dúró lẹ́yìn yín gan-an, èmi yóò wà lẹ́yìn wọn. Mo ti ní kí wọ́n dáhùn sókè, kí ẹ lè gbọ́ ohùn alààyè. Bí ohùn tó bá dáhùn bá sì ju tiwa lọ, n kò ní wẹ̀yìn, n kò sì ní sá.

Ọlọ́run Ọba yóò dá ẹ̀mí yín sí dè wá. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó kù nílé. Ẹ bá mi kí àwọn yẹn náà, ẹ̀yin lẹ mọ bí a ti ń kí wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù