Fá Irun Ẹni Tó Mú Ìwé Yìí Wá

Eustadia, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, oúnjẹ sì pọ̀ ní ilé àwọn mọ́ńkì yìí, àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ fún àdúrà.

Ṣé o rántí pé ọba wa tó kú fẹ́ fi gbogbo ilẹ̀ Faranki fún àkọ́bí rẹ̀? Àwọn ọmọ yòókù bẹ èmi olùkọ́ wọn, mo sì gba ọba nímọ̀ràn pé kó pín in fún gbogbo wọn. N kò mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá fún ọmọ ọba. Wọ́n ti pa ara wọn nítorí ilẹ̀ náà, ó ku àkọ́bí àti Ragnomer, àbíkẹ́yìn. Àkọ́bí fi Ragnomer sí ọ̀dọ̀ wa níbí, ó ní kí n máa gé irun rẹ̀, nítorí ẹni tí irun rẹ̀ kò gùn kì í jọba. Ó bẹ̀ mí, mo jẹ́ kó hù.

Láàárọ̀ yìí, ìránṣẹ́ àkọ́bí fà á nírun.

"Bàbá, ẹ̀ ń gé e ni àbí ẹ̀ ń bomi rin ín? Irun kì í yé hù. Lọ́la, orí la máa wá gé."

Ragnomer tún bẹ̀ mí. Mo ní rárá, mo sì fá a kodoro. Òun ló mú ìwé yìí wá. Máa pè é ní darandaran rẹ. Bí irun náà bá tún yọ, fá a, bó tilẹ̀ sunkún.

Èmi ni n ó gba àlejò lọ́la, má ṣèyọnu. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún wọn pé mo ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Evantius