Kòkò Tábà Tó Mu Tíì

Tuncay,

Bàbá mi dé lẹ́yìn tó o jáde láàárọ̀ yìí. Kòkò tábà òkúta funfun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́ fún ọ nígbà ìgbéyàwó wa ni wọ́n ní kí n gbé wá, kí wọ́n wo bí èéfín ọdún mẹ́fà ṣe sọ ọ́ di aláwọ̀ oyin. Èéfín wo? Ìwọ tó o tì í mọ́nú àpótí gíláàsì, tó o wá lọ rì í sínú tíì lánàá torí o gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀! Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́.

Wọ́n gbé e símú lẹ́ẹ̀kan péré. “Şükran, ta ló ń fún kòkò tábà ní tíì mu?”

Wọ́n ti gbé e lọ, wọ́n á máa fà á. Ẹ̀wà wà lórí sítóòfù. Jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ o, wọn kì í wò ó.

Ife tó o rì í sí ni wọ́n gbé sínú àpótí ẹ. Wọ́n ní kó o máa tọ́jú ẹ̀ dáadáa, kó o má fi mu nǹkan kan o.