Èmi Ni Mo Tú Àṣírí Orúnkún Rẹ

Ọmọ mi Agùntáṣọọ́lò,

Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oúnjẹ jẹ, ṣé ò ń rí oorun sùn? Àwa wà láàyè, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó wú ti ń rọlẹ̀, ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ jọ ọ́, ó gùn gbọọrọ, kò tíì mọ ibi tó máa kó o sí. Òkè tó ò ń gùn, o ò ní já bọ́ níbẹ̀. Èyí tó o já bọ́ lọ́jọ́ Àìkú, òun ni ìkẹyìn lágbára Ọlọ́run. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, ẹsẹ̀ méjèèjì lo máa fi rìn dalẹ́.

Mo fẹ́ kó o jókòó kó o tó ka ìyókù. Tó o bá ti jókòó tẹ́lẹ̀, má dìde.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí o. Gbajúmọ̀ kan ní kí n kan àpótí aṣọ fún òun, ó tún wá ní òun ò fẹ́ mọ́, àpótí náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù, adìyẹ ti ń yé sínú ẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, ní kí n kí ọ. Ilé ẹ̀ la ti ń wò ọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ̀ pé ṣe ni mò ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ìyá rẹ náà mọ̀, ó dúró sẹ́yìn mi báyìí, ó ní ṣé ọ̀rọ̀ adìyẹ ni mo jókòó láti kọ.

Tíṣà ló ṣàlàyé bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n yìí fún mi. Àwọ̀n tí ẹ̀ ń ju bọ́ọ̀lù sí yẹn ò nídìí. Mo ti fẹ́ kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ pé bàbá ọmọ yìí, káfíńtà ni, ó lè wá bá wọn kan ìdí sí i lọ́fẹ̀ẹ́, Tíṣà ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mi ò kọ ọ́ mọ́, àmọ́ iṣẹ́ tí wọn ò parí ni lójú tèmi. Ó ní ẹgbẹ́ méjì máa pàdé lẹ́ẹ̀meje, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló máa lọ sí àṣekágbá. Ẹ̀yin ti borí lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ó tán nìyẹn, ẹ jẹ́ ká lọ sùn. Tíṣà ní rárá o. Ó ní ọmọ tí gbogbo èrò tìtorí ẹ̀ wá, tí ẹgbẹ́ ẹ̀ bá borí, gbogbo wọn ló borí, àmọ́ tí wọ́n bá fìdí rẹmi, òun nìkan ló fìdí rẹmi. Ó ní ìwé àdéhùn rẹ máa parí lóṣù tó ń bọ̀, àwọn tó ni ẹgbẹ́ ò tíì fọwọ́ sí tuntun, wọ́n ń wò ó bóyá ọmọ tó ń gbá dáadáa lọ́jọ́ lásán ni ọ́ tàbí èyí tó ń gbá lọ́jọ́ tó le. Nígbà tí mo fi máa gbọ́ yẹn, mo ti ṣe nǹkan tí mo ṣe.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni. Mò ń fá ẹsẹ̀ àga kan nínú ṣọ́ọ̀bù, fóònù dún. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní wọ́n máa gba ohùn wa sílẹ̀. Èmi rò pé ṣe ló jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, ni mo bá dé fìlà mi dáadáa, mo ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè rí i kọ, tí mo bá dé ibi tó gùn, màá dúró dè é. Ọkùnrin kan wá gba ọ̀rọ̀. Ọmọ yìí mọ èèyàn kí! Ó kí mi kú iṣẹ́, ó kí mi kú oòrùn, ó kí mi kú ọmọ. Ó ní akọ̀ròyìn lòun, ó ní, Bàbá, ọmọ yín ńkọ́, ṣé àlàáfíà ló wà?

Ọmọ mi, tí èèyàn bá kí ẹni tó báyẹn, tó béèrè àlàáfíà ọmọ ẹni, kí lèèyàn á sọ? Mo ní a dúpẹ́ o, àfi orúnkún. Ó ní pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Pẹ̀lẹ́ yẹn ló pa mí. Mo sọ fún un pé ti òsì ni. Mo sọ fún un pé o sunkún sí mi létí nínú fóònù, pé omi dídì lò ń dì mọ́ ọn sùn, pé èmi àti obìnrin tó ń fi báńdéèjì bá ọ di orúnkún nìkan la mọ̀ ọ́n. Mo tún sọ èyí tí kò bi mí, pé tí ó bá ti ń dùn ọ́, ọwọ́ ọ̀tún nìkan lo máa ń yà sí torí òsì ò lè gbé ọ. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa fi sínú àdúrà, kó sọ fún àwọn èèyàn ẹ̀ náà kí wọ́n bá wa gbà á. Ó ní òun máa sọ fún wọn. Kò purọ́ fún mi o, ó sọ fún wọn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Tíṣà ka ìwé ìròyìn sí wa létí. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n ní ẹnì kan tó sún mọ́ ọ pẹ́kípẹ́kí ló sọ ọ́. Tíṣà ní ta ló lè jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ báyìí. Bí mo ṣe mọ̀ pé èmi ni nìyẹn. Àmọ́ ojú Tíṣà ń wò mí, ni mo bá ní ọ̀dàlẹ̀ gbáà ni, kò ní rí ire. Mo bú ẹni náà ju bí Tíṣà ṣe bú u lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo rí i bí ẹgbẹ́ kejì ṣe ń dí ọ̀nà ọ̀tún mọ́ ọ lójú, tí wọ́n ń tì ọ́ sí òsì, sí òsì, títí tó o fi ṣubú. O tún ṣubú. O tún ṣubú. Mo kà á, ẹ̀ẹ̀meje! Mo dìde, mo pariwo pé kí lọmọ yìí ń dìde fún, kí ló dé tí rẹfirí ò lè ní kó máa lọ sílé, mo bá jáde síta. Tíṣà ló wá bá mi níbi tí mo di ògiri mú sí, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lo ṣubú, àwọn tẹlifíṣọ̀n ló ń fi ìkan yẹn hàn léraléra. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ lójú tèmi, ẹ̀ẹ̀meje náà ni, èmi ni mo sì tì ọ́ lẹ́ẹ̀mejèèje. Ẹgbẹ́ méjèèjì wá di ọgbọọgba, mẹ́ta sí mẹ́ta, ó wá ku èyí tó kẹ́yìn, ti ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀.

Èyí tó burú jù ló kù. O pe ìyá rẹ lọ́jọ́ Ajé. O ní obìnrin tó ń di orúnkún rẹ ló tú àṣírí, torí kò sẹ́lòmíì tó mọ̀, bàbá rẹ ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. O ní o ti lé e, o ò fẹ́ rí i mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ gan-an ni mo jókòó sí. Mò ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ìyá rẹ gbé obìnrin olóbìnrin ṣépè, ó ń wo ojú mi kí n ṣe àmín, tó bá ti kan ibi àmín, màá wúkọ́. Ikọ́ tí mo wú lọ́jọ́ yẹn ló mú kí ìyá rẹ se omi gbígbóná fún mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀ràn yìí sì ti kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi, ó ti lọ bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ, kò bú mi. Ó gba kọ́ọ̀bù omi gbígbóná náà lọ́wọ́ mi, ó dà á nù.

Lánàá, mo wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni láìnì fóònù mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ lọ́jọ́bọ̀, mo fẹ́ gbà á padà. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè pé kí ni mo fẹ́ káwọn ṣe, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n pa á rẹ́ létí gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ ọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Bàbá, ẹyin lọ̀rọ̀, fóònù ò lè kó o. Ó tún ní kí n fàmì sí bí òun ṣe tọ́jú mi sí, láti oókan dé aárùn-ún, mo fàmì sí gbogbo ẹ̀ kí n má tún lọ ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo délé, mo ti fóònù mọ́ inú àpótí irinṣẹ́, abẹ́ ayùn.

Nítorí náà, dírẹ́bà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la ló máa mú lẹ́tà yìí wá. Tó o bá ti kà á tán, má tíì bínú sí mi, ìyẹn á dúró dè ọ́. Lọ bẹ obìnrin yẹn. Tó bá ṣòro láti bẹ̀ ẹ́, fún un ní lẹ́tà yìí kó kà á, ibi ewúrẹ́ náà, kó kà á. Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáríjì wá, èmi àgbàlagbà ni mo ṣìwà hù, ẹ bá mi di orúnkún ọmọ mi kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ó ku ọ̀kan. Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, o forí gbá àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà wa, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìyá rẹ ní kí n gbé e sókè. Èmi tí mò ń ṣe ilẹ̀kùn fún gbogbo ìlú, mo ní ilé ò ní ga nítorí ọmọ, kí ọmọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pákó ló wọ́n mi. Àwọn èèyàn ló ń bi mí pé ta ló máa fẹ́ èyí tó ga tó báyìí. Tá a bá jọ ń lọ lójú títì, èmi ni mò ń yára ṣáájú kí wọ́n má bàa rí bó o ṣe fi orí jù mí. Ìwọ náà mọ̀. Látìgbà náà lo ti ń tẹ̀ba tó o bá ti dúró níwájú mi, títí kan ìgbà tó o wá kí wa gbẹ̀yìn.

Láàárọ̀ yìí, mo gé àtẹ́rígbà náà kúrò. Òjò ń wọlé, ìyá rẹ ń kùn. Mo fẹ́ kan tuntun, ni mo bá rí i pé mi ò mọ ibi tí màá gbé e dé. Ìwé ìròyìn kọ gíga rẹ sílẹ̀, àmọ́ káfíńtà kì í fi ẹnu ẹlòmíì wọn igi. Mo bí ọ, mo tọ́ ọ, mi ò tíì rí ọ dé òpin rí.

Ojú ò jẹ́ kí n béèrè owó lọ́tẹ̀ yìí. Àmọ́ tó o bá ní kó o fi nǹkan ránṣẹ́, pákó kan àti ìṣó ló kù, fún dírẹ́bà, má jẹ́ kó gba inú fóònù wá, mi ò fẹ́ kí nǹkan kan gba inú ẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ju owó lọ ni okùn. Yọ bàtà, fara ti ògiri, kí obìnrin tó ń di orúnkún rẹ na okùn láti gìgísẹ̀ rẹ dé àtàrí, kó gé e, kó o fi rán dírẹ́bà sí mi.

Ọlọ́run á gbé ọ ró. Ilẹ̀ tó o bá tẹ̀ á gbà ọ́. Mi ò ní kan ilẹ̀kùn síbẹ̀ títí tí wàá fi dé. Bó o borí o, bó o fìdí rẹmi o, nàró wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ tó lẹ́nu jù.